Ilẹ̀kùn Tí A Tì Mọ́ Ọjà Òkèèrè

Bí ẹnì kan nínú wa bá wá sọ pé ọjà ò tà, kí a fún òun láàyè díẹ̀ lórí owó tí òun yá, a kì í lé e. A óò fún un láàyè, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yóò ní kó mú ìwé owó rẹ̀ wá. Bí nǹkan bá sì ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a óò ní kó máa san.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin òwò àgbáyé rí. Àdéhùn GATT, tí Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1960, ní abala 18 tó gba orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láàyè láti dín ọjà òkèèrè kù, bí owó òkèèrè tó ní nípamọ́ ò bá tó. Ṣùgbọ́n yóò máa lọ ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Geneva. Láti 1995, àjọ WTO ló ń bójú tó o.

Ẹ wo India. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi abala yìí ti ilẹ̀kùn. Ní 1997, Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ lórí irú ọjà 2,714. Wọ́n bi àjọ IMF léèrè. IMF ní bílíọ̀nù dọ́là 25.1 ló wà lọ́wọ́ India ní November 1997, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù 16 ti tó o. India ní ṣíṣí ilẹ̀kùn náà yóò da ètò ìdàgbàsókè òun rú. Wọn ò gbà. Ní 1999 wọ́n dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, wọn ò ní kó ṣí i lọ́jọ́ kan. Òun àti Amẹ́ríkà fẹnu kò sí April 1, 2001. Owó ibodè ò sì parẹ́: India ṣì lè gbà á, bí kò bá ti kọjá iye tó ti ṣèlérí.

Ti Nàìjíríà náà ńkọ́? Ní 2011 àti 2017, WTO yẹ ètò òwò wa wò, bó ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ o, ìbéèrè ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí òfin ń bá dí ọ̀nà mọ́ ọjà òkèèrè, ẹ má sùn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì ni ká tún ọjà wa ṣe, ká pé ní òṣùwọ̀n, ká dì í dáadáa. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn nìkan kọ́ ló ń dá ọjọ́ tí yóò ṣí.