Okùn Kan Náà Ni Ó So Wọ́n Pọ̀

Kò sí òkè kankan lórí ilẹ̀ ayé tí ó ga tó Òkè Everest. Ó wà ní ààlà ilẹ̀ Nepal àti ilẹ̀ Tibet, gíga rẹ̀ sì lé ní 8,848 mítà, èyí tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 29,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sì mọ̀ pé Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣónṣó rẹ̀ tí wọ́n sì padà wá sọ ìròyìn rẹ̀, ní ọdún 1953. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ wa bí àwọn méjèèjì ṣe lo ọjọ́ náà àti òru tí ó ṣáájú rẹ̀: ibi tí wọ́n sùn, ohun tí wọ́n jẹ, bí ọ̀kan ṣe ń ṣọ́ èkejì, àti ìbéèrè tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún tọkọtaya, fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àti fún gbogbo ẹni tí ó bá ń bá ẹlòmíràn rìn.

ÀWỌN WO NI WỌ́N?

Ọmọ ilẹ̀ New Zealand ni Hillary. Iṣẹ́ oyin ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣe, ẹni ọdún 33 sì ni nígbà náà. Ọmọ ẹ̀yà Sherpa ni Tenzing, àwọn ènìyàn tí ń gbé láàrin àwọn òkè Himalaya. Ó ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 39. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ òkè gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ oko rẹ̀. Láti ọdún 1935 ni ó ti ń bá àwọn òyìnbó lọ sí Everest. Ní ọdún 1952, òun àti Raymond Lambert, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gun òkè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 8,600 mítà kí agbára wọn tó pin.

Ẹ wò ó, àwọn méjèèjì kò jọ wá láti ilẹ̀ kan. Èdè ìyá wọn kò pa pọ̀, ẹ̀sìn wọn kò jọra, ọ̀kan ga fíofío, èkejì kò ga tó o. Ohun kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀: okùn tí wọ́n so mọ́ ìbàdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1953, Hillary fẹ́ fo ọ̀gbun kan tí ó là sáàrin yìnyín. Etí yìnyín náà já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ré wọ inú ọ̀gbun. Kíá, Tenzing gún àáké rẹ̀ mọ́ yìnyín, ó yí okùn mọ́ ọn, ó sì dì í mú ṣinṣin. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ni wọn ì bá ti lọ ṣa Hillary. Láti ọjọ́ náà ni Hillary ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun yóò bá gun òkè náà dé òpin, Tenzing ni òun fẹ́ kí ó bá òun lọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N PADÀ

Ẹ má ṣe rò pé àwọn méjì nìkan ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó lé ní irínwó ènìyàn tí wọ́n jáde lábẹ́ ọ̀gágun John Hunt, nínú wọn ni àwọn alárùú 362 wà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Hillary àti Tenzing ni a kọ́kọ́ rán lọ sí ṣónṣó òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, Tom Bourdillon àti Charles Evans ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọ́n gòkè títí ó fi ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà péré. Ojú wọn ń wo ṣónṣó náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n fi ń mí ti ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì rí i pé bí àwọn bá lọ, àwọn kò ní padà bọ̀. Ni wọ́n bá yí ẹ̀yìn padà.

Ó dùn wọ́n gan-an, síbẹ̀ wọ́n wà láàyè. Wọ́n sì ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a máa rántí. Wọ́n fi ìgò ọ́síjìn méjì tí kò tíì tán sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà fún àwọn tí yóò tẹ̀ lé wọn. Ìgò méjèèjì yìí ni Hillary àti Tenzing fi ọkàn tẹ̀ pé àwọn yóò lò nígbà tí àwọn bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ ran ẹni tí ó dé ibẹ̀ lọ́wọ́. Mélòó nínú wa ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ará ilé rẹ̀?

ÒRU KAN NÍNÚ ÀGỌ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, George Lowe, Alfred Gregory àti Ang Nyima bá wọn ru ẹrù gòkè. Ẹrù tí ó wà lẹ́yìn Hillary nìkan lé ní kílò 25, níbi tí ẹni tí kò ru nǹkan kan pàápàá ti ń mí gúlegúle. Nígbà tí wọ́n dé nǹkan bí 8,500 mítà, àwọn mẹ́ta náà sọ ẹrù sílẹ̀, wọ́n dágbére, wọ́n sì padà. Ó wá ku Hillary àti Tenzing nìkan.

Kò sí ibi tí ó tẹ́jú láti pa àgọ́ sí. Wọ́n bọ́ ẹ̀rọ ọ́síjìn sílẹ̀ kí ó má bàa tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yìnyín, wọ́n ń hú òkúta, fún ohun tí ó lé ní wákàtí méjì. Síbẹ̀ ibi tí wọ́n rí tẹ́ kò dọ́gba: apá kan ga ju èkejì lọ bí àtẹ̀gùn. Hillary sùn sí apá òkè, Tenzing sì sùn sí apá ìsàlẹ̀, ní etí ibi tí òkè ti dà kanlẹ̀.

Tenzing dáná sítóòfù, wọ́n yọ́ yìnyín, wọ́n sì mu ọbẹ̀ gbígbóná. Wọ́n jẹ sadíìnì lórí bisikíìtì, wọ́n mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà sí ní àmutẹ́rùn. Ẹni tí ó bá wà lókè bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ jẹ, kì í fẹ́ mu, ṣùgbọ́n bí kò bá mu omi, agbára rẹ̀ yóò tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ́síjìn tí wọ́n ní kò tó láti fi sùn mọ́jú, nítorí náà wọ́n pín in: wákàtí méjì kí ààjìn tó jìn, wákàtí méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Láàrin méjèèjì, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìwọ̀n òtútù inú àgọ́ náà lọ sílẹ̀ ju omi dídì lọ ní ìwọ̀n 27.

Ní aago mẹ́rin ìdájí, afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Tenzing kò bọ́ bàtà rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n Hillary bọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ti le gbagidi bí òkúta. Wọ́n ní láti yan bàtà náà lórí iná sítóòfù títí awọ rẹ̀ fi rọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n tó jáde.

ỌJỌ́ 29 OṢÙ KARÙN-ÚN

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dé ṣónṣó kékeré tí ó wà ní ìhà gúúsù. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀yìn òkè náà tín-ín-rín. Ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà. Ọ̀kan yóò rìn nígbà tí èkejì dúró di okùn mú. Bí ẹni iwájú bá dúró, ẹni ẹ̀yìn yóò tún rìn.

Láìpẹ́ Hillary ṣàkíyèsí pé Tenzing kò rìn dáadáa mọ́, ó ń mí pẹ̀lú ìnira. Kò kígbe mọ́ ọn pé kí ó yára. Ó padà lọ yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé yìnyín ti dí ọ̀nà tí èémí ń gbà jáde pátápátá. Ó tú u, Tenzing sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Nígbà tí Hillary yẹ tirẹ̀ náà wò, ó rí i pé ohun kan náà ti ń ṣẹlẹ̀ sí òun láìmọ̀. Nípa wíwo èkejì rẹ̀ ni ó fi mọ ewu tí òun fúnra rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan ògiri òkúta kan tí ó ga tó mítà méjìlá. Àyè kékeré kan wà láàrin òkúta àti yìnyín. Hillary kó ara rẹ̀ sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ ti yìnyín lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ wá ibi dìmú níwájú, Tenzing sì ń tú okùn fún un díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó dé orí rẹ̀, òun náà di okùn mú kí Tenzing gòkè.

Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, kò sí ibi gíga kankan mọ́ níwájú wọn. Hillary na ọwọ́ láti bọ Tenzing lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí kò tó Tenzing, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Tenzing ri súìtì àti bisikíìtì mọ́ inú yìnyín gẹ́gẹ́ bí ọrẹ nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Hillary fi àgbélébùú kékeré tí John Hunt fún un síbẹ̀. Ó ya fọ́tò Tenzing pẹ̀lú àwọn àsíá. Kò sí fọ́tò Hillary kankan lórí ṣónṣó náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n lò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nítorí ẹni tí ó gun òkè tí kò sọ̀ ọ́ kò tíì parí iṣẹ́.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ DÉBẸ̀?

Ní kété tí ìròyìn tàn kálẹ̀ ni ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Nepal àti Íńdíà fẹ́ kí ó jẹ́ Tenzing. Àwọn kan tilẹ̀ ya àwòrán sára aṣọ, níbi tí Tenzing ti ń fi okùn wọ́ Hillary gòkè. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ó jẹ́ Hillary. Ẹ mọ bí ayé ti rí: bí méjì bá jọ ṣe ohun rere, àwọn ará ìta yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá.

Àwọn méjèèjì kò gbà fún wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ débẹ̀ pọ̀ ni. Nígbà tí ó di ọdún 1955, Tenzing fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Hillary ni ó fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ ṣáájú òun. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Nínú ìwé kan náà, ó sọ pé inú òun kò dùn sí bí Hillary ṣe ròyìn òun níbi ògiri òkúta nì. Ó sọ òtítọ́ tí ó gbé èkejì rẹ̀ ga, ó sì sọ ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ láìbu èkejì. Ọ̀rẹ́ wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ parí. Tenzing kú ní ọdún 1986, Hillary ní 2008. Kí ọjọ́ wọn tó pé, Hillary ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Sherpa ní Khumjung ní 1961, àti ilé ìwòsàn ní Khunde ní 1966. Àwọn ọmọ wọn náà gun òkè náà: Peter Hillary ní 1990, Jamling Tenzing Norgay ní 1996.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ WA

Ẹ̀yin tọkọtaya, okùn kan náà ni ó so yín pọ̀. Bí ìyàwó rẹ bá dákẹ́ lójijì, tàbí tí ọkọ rẹ bá ń falẹ̀ níbi tí kì í ti í falẹ̀, má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Padà sẹ́yìn, kí o wò ó bóyá nǹkan kan ti dí ọ̀nà èémí rẹ̀: gbèsè tí kò lè sọ, àìsàn, tàbí ọ̀rọ̀ tí o sọ tí o ti gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà wà nínú ewu kan náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kì í ṣe ojú tì ẹni láti yí padà nígbà tí ọ̀nà bá léwu. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ó bá kù lọ́wọ́ ẹni tí ó padà, ẹlòmíràn lè fi là.

Bí àwọn ará ìta bá sì dé pẹ̀lú ìbéèrè wọn, pé ta ni ń gbọ́ bùkátà ilé, ta ni ó kọ́lé, ta ni ó tọ́ àwọn ọmọ yọrí, ẹ fẹnu kò láti fún wọn ní ìdáhùn kan ṣoṣo: a jọ ṣe é ni.