Ǹjẹ́ Ẹni tí Kò Gbàgbọ́ Lè Tọ́ Wa Dé Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun?

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Mùsùlùmí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn ọmọ fẹ́ sùn, ìyá wọn á ní kí wọ́n ka Ayatul Kursiyyu kí wọ́n tó fi orí lé ìrọ̀rí. Ẹ̀yin náà ń kà á. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó sọ fún Abu Hurayra pé ẹni tó bá kà á kí ó tó sùn, ẹ̀ṣọ́ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́?

Olè ni. Ìtàn náà wà nínú àkójọ hádíìsì Bukhari. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi Abu Hurayra ṣọ́ oúnjẹ sàká Ramadan, ẹnìkan sì wá ń bu oúnjẹ náà lóru. Abu Hurayra mú un, ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé aláìní ni òun, pé òun ní ọmọ tí òun ń bọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ó tún padà wá lóru kejì. Ní òru kẹta, nígbà tí ó rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò ràn mọ́, ó fi ẹ̀kọ́ Ayatul Kursiyyu ra ara rẹ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Abu Hurayra ròyìn fún Ànábì, èsì tó gbà ni pé òótọ́ ni olè náà sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpùrọ́ ni, àti pé Ṣàìtáánì gan-an ni.

Títí di òní ni a ń fi ẹ̀kọ́ náà sùn. Kò sí onímọ̀ tó ní kí á pa á tì nítorí ẹnu tó ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òbí tí yóò torí rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-kéwú Ṣàìtáánì. Láàárín ohun méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ wà. Ẹ sì kíyè sí i pé Abu Hurayra kò kàn gbé ẹ̀kọ́ olè mì bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lọ síwájú ẹni tó mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni mò ń ṣe ní iléèwé girama. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi mí kì í sábà jáde láti inú ìwé. Ọ̀kan nínú wọn dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní: “Sà, bí ẹni tó kọ́ mi ní Fátíhà kò bá gba Ọlọ́hun gbọ́, ṣé Fátíhà mi kò tíì bàjẹ́?” Ìyá rẹ̀ ló wá tú ìdí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ọmọ yìí ló máa ń bu omi àlùwàlá fún àfáà àdúgbò wọn. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí àfáà náà ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí àdúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó lé, tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹni tó bá gbà á gbọ́ ló mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti kírun mọ́. “Ọ̀gá tíṣà, ẹ bá mi dá sí i o,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Bàbá rẹ̀ ti fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́.”

Pàṣán kọ́ ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ìbéèrè àgbà ni, àwọn àgbà sì ti dáhùn rẹ̀ kí á tó dáyé.

Ìmáàmù Malik gbà á wá nínú Muwatta pé Umar ọmọ Khattab ṣe lèmọ́mù ìrun Àsùbáà fún àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ rẹ̀ ní Juruf. Ibẹ̀ ló ti rí àmì lára aṣọ rẹ̀ pé jànábà ti mú òun lójú oorun láìmọ̀. Ó wẹ̀, ó fọ ibi tó kan lára aṣọ, ó sì tún ìrun tirẹ̀ kí. A kò rí i kà níbẹ̀ pé ó ránṣẹ́ sí àwọn tó kírun lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n tún tiwọn kí. Ohun tí àwọn onímọ̀ wa ní ìlànà Maliki dìmú nìyí: bí lèmọ́mù bá gbàgbé pé òun kò mọ́, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì mọ̀, ìrun tiwọn gún. Hádíìsì mìíràn tún wà lọ́dọ̀ Bukhari nípa àwọn tó ń ṣíwájú ìrun: bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, èrè wà fún wa, bí wọ́n bá ṣì í ṣe, èrè tiwa kò sọnù, ọrùn wọn ni àṣìṣe náà wà.

Àmọ́ Umar kò mọ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń tan ènìyàn ńkọ́? Nínú Mukhtasar Khalil tí àwọn àfáà wa ń kà, ìrun ẹni tó tẹ̀lé lèmọ́mù tó wá hàn pé kèfèrí ni ti bàjẹ́. Khalil fi ti ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn tó túmọ̀ ìwé rẹ̀ sọ pé èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé ìrun lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ gún, bó tilẹ̀ jẹ́ mákúrúù. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni “tó wá hàn”. Ohun tó bá hàn la ní kí á dájọ́ lé lórí. Nígbà tí Usama ọmọ Zayd pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti wí kálímà, tí Usama ní ẹ̀rù idà ló mú un wí i, Ànábì bi í léèrè bóyá ó la ọkàn ọkùnrin náà wò ni. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ lẹ́nu àfáà burú, ó sì yẹ kí àwọn àgbà mọ́sálásí pe àfáà náà jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àdúrà ṣòwò lè jẹ́ onímọdàrú láìjẹ́ kèfèrí. Ọmọ náà kò ní ìrun kankan láti san padà. (Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí láti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ lèmọ́mù rẹ̀ lẹ́sẹ̀ o.)

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí a kì í sábà gbọ́ níbi wáàsí. Ẹ mọ ìtàn mọ́sálásí tí àwọn mùnáfíkì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Quba, tí Ọlọ́hun tú àṣírí rẹ̀ nínú Súrà Tawba, ẹsẹ̀ 107, tí Ànábì sì ní kí wọ́n dáná sun nígbà tó ń bọ̀ láti Tabuk ní ọdún 9 Hijra. Ta ni lèmọ́mù mọ́sálásí náà? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mujammi ọmọ Jariya ni, ẹni tó ti há èyí tó pọ̀ jù nínú Al-Kùránì sórí. Ní ayé Umar, àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí Mujammi máa ṣe lèmọ́mù fún àwọn. Umar kọ̀: ṣebí òun náà ló ṣe lèmọ́mù fún àwọn mùnáfíkì? Mujammi búra pé ọmọdé ni òun nígbà náà, pé òun kò mọ ohun tó wà nínú wọn, pé nítorí òun ní Al-Kùránì lórí tí àwọn kò ní ni wọ́n ṣe fi òun síwájú. Wọ́n ní Umar gbà fún un, ó sì ṣe lèmọ́mù.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe dorí kodò níbẹ̀. Àwọn tó kọ́lé Ọlọ́hun ni kò gbàgbọ́. Ọmọ tí wọ́n fi síwájú ló gbàgbọ́. Èké inú wọn ba ilé wọn jẹ́, kò ba Al-Kùránì inú rẹ̀ jẹ́.

Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kò pọn dandan kí olùtọ́ni ní ìgbàgbọ́? Níbí ni mo ti yapa sí àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àfáà ni kí á gbà, kí á fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Ìjúwe ọ̀nà yàtọ̀ sí kí á sin ènìyàn lọ. Ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lè júwe ọ̀nà Ìbàdàn fún ọ láìjẹ́ pé òun náà ń lọ síbẹ̀, wàá sì débẹ̀. Iye rákà, ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́, bí a ṣe ń pín ogún, ìjúwe ni gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, ìyá náà bi àfáà pé kí ló dé. Ẹsẹ̀ Al-Kùránì wà tí ẹnikẹ́ni lè kà fún un. Ẹni tó ti fi òru sunkún níwájú Ọlọ́hun nítorí ìbànújẹ́ tirẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kí á kà á, àti ìgbà tó yẹ kí á jókòó ti obìnrin náà láìsọ nǹkan kan. A kì í há ìyẹn sórí. Àwọn baba wa ní ẹni tó ní òun yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jù lọ nípa ara rẹ̀ ni Abu Hamid al-Ghazali. Wọ́n bí i ní Tus, ní ilẹ̀ Persia, ní ọdún 450 Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 1058. Ní ọdún 1091, Nizam al-Mulk, wàsírì àwọn Seljuk, fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní Nizamiyya ti Baghdad. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀, al-Munqidh min al-Dalal, pé 300 akẹ́kọ̀ọ́ ni òun ń kọ́ níbẹ̀.

Nínú ìwé kan náà ló ti sọ ohun méjì tí olórí ẹ̀sìn kì í fẹ́ sọ. Ó ní ìgbà kan wà, fún nǹkan bí oṣù méjì, tí iyèméjì gbá òun mú débi pé òun kò lè fọkàn tán ohun tí ojú òun rí tàbí ohun tí làákàyè òun gbé kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò fẹnu sọ ọ́. Àríyànjiyàn kọ́ ló gbà á sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun fi sí i láyà ni. Èkejì wáyé ní ọdún 1095, nígbà tí ó yẹ àníyàn rẹ̀ wò, tó rí i pé nítorí ipò àti òkìkí ni òun ṣe ń kọ́ni. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, bí ó bá pinnu lówùúrọ̀ pé òun yóò fi Baghdad sílẹ̀, ìpinnu náà á ti túká kí alẹ́ tó lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ kọ́ni láti tẹ́ àwọn tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kan kò jáde. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ mọ́. Àwọn oníṣègùn wò ó títí, wọ́n ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá.

Ó pín ohun ìní rẹ̀, ó sọ fún gbogbo ayé pé Mẹ́kà ni òun ń lọ, ó sì kọrí sí Ṣáámù. Ní Damascus, ó máa ń gun òkè mínárẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dé Jerúsálẹ́mù, ó ṣe Hájì. Ọdún mọ́kànlá ló lò kí ó tó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́, ní Nishapur, ní ọdún 1106. Ó ní òun kò padà sí ibi tí òun ti kúrò, nítorí pé ìmọ̀ tó ń fúnni ní ipò ni òun ń pe ènìyàn sí tẹ́lẹ̀, èyí tó ń mú ni fi ipò sílẹ̀ ni òun wá ń pè wọ́n sí. Ó kú ní Tus ní ọdún 1111.

Ṣé ẹ̀kọ́ àwọn 300 ti Baghdad bàjẹ́? Rárá. Òfin tó kọ́ wọn, òfin ni. Ṣùgbọ́n Ihya, ìwé rẹ̀ tí ayé ń kà títí dòní, kò ti orí àga Baghdad jáde. Àwọn ọdún tó fi àga náà sílẹ̀ ló bí i.

Nítorí náà, ẹ má kó ẹni tó ń ṣiyèméjì pọ̀ mọ́ ẹni tó ń tan ni. Àfáà tí iyèméjì ń yọ lẹ́nu, tó sì ń ké pe Ọlọ́hun lórí rẹ̀, onígbàgbọ́ tó ń ṣàìsàn ni. Èyí tó ti mọ̀ pé òun kò gba nǹkan kan gbọ́, tó sì ń fi ọgbọ́n bo ó kí owó má baà dáwọ́ dúró, ẹni tí Ànábì kìlọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, nínú hádíìsì àwọn mẹ́ta tí a ó kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀: onímọ̀ tó kọ́ni kí á lè pè é ní onímọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má so ìgbàgbọ́ ọmọ yín mọ́ ọrùn ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ìdí ohun tó ń kà, kí ó lè fi ọwọ́ kan ibi tó wà nínú ìwé. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, bí àfáà rẹ̀ tilẹ̀ ṣubú lójú rẹ̀, kò ní bá a ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn ti padà sídìí ìrun kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́sálásí mìíràn ló ń lọ, n kò sì bá a jà.

Ó ku ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Kí Ghazali tó kúrò ní Baghdad, ó yọ ohun tó tó àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ sọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, sáàrà ọjọ́ Jímọ̀, ìsọmọlórúkọ àti fídáù ni owó iléèwé ọmọ àfáà ti ń jáde. Bí ó bá là á mọ́lẹ̀ fún yín pé ọkàn òun ti gbẹ, pé òun fẹ́ fi oṣù mẹ́fà kúrò lórí mínbárì, ta ni yóò bọ́ ilé rẹ̀? Kò sí, ìdí nìyẹn tí kò fi ní là á. Yóò máa ka kútúbà lọ pẹ̀lú ọkàn gbígbẹ, títí ọmọ tó ń bu omi àlùwàlá yóò fi gbọ́ ohun tí kò yẹ kí ó gbọ́. Ìgbìmọ̀ tó bá rí owó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun lè rí owó fi pamọ́ fún èyí: kí igbákejì lèmọ́mù gba ìrun kí fún ìgbà díẹ̀, kí owó oṣù lèmọ́mù má dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe nílé.