Orúkọ Ni Ìjánu Ẹ̀rọ
Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ. Láti ọdún 1979 tí ilé-iṣẹ́ Modicon ti gbé èdè Modbus jáde ni automate, ẹ̀rọ adarí ilé-iṣẹ́ ńlá, ti ń fi wáyà kan pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó jìnnà sí i: ọ̀kan lè máa wo ìgbóná ìkòkò epo pupa, kí èkejì máa darí iná abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀, láti 1 dé 247. Bí méjì bá ń jẹ́ ọ̀kan náà, wọn yóò jọ dáhùn, ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú.

Bí wáyà bá wá já ńkọ́? Ẹni tó tò ó gbọ́dọ̀ ti pinnu ṣáájú pé kí iná kú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Tchaada tó ń kọ́ṣẹ́ iná, ẹ má fojú kéré èyí: ẹ̀mí òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀.