Ṣúgà Inú Ìgò Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́



Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún rí pé, "Yé jẹ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí á mú ọ"? Ìbẹ̀rù yìí ṣì wà ní Mushin àti Surulere. Mo ń gbọ́ ọ ní dìsípẹ́ńsárì wa lójoojúmọ́. Ìyá á ti páálí ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 14 bá ti ilé ìwé dé, mọ́ọ̀tì tútù ni ìyá kan náà yóò gbé fún un, á ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé gíráàmù ṣúgà 10 wà nínú mililítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 50 ni ó wà nínú ìgò 50cl. Ṣíbí ìpotíì kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Ó ju ṣíbí 12 lọ! Èwo nínú yín ni yóò bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú ife tíì kan fún ọmọ rẹ̀? Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà àfikún tí ẹni tí ó ń jẹun bí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 50, pé yóò sì dára jù bí kò bá tó 25. Oyin àti omi èso inú páálí wà nínú ìṣirò yẹn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń wá, inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀dọ̀ màlúù ni ẹ ti máa rí i, wọ́n sì ń tà wọ́n ní ọjà Ojúwòyè.

Eyín ni ṣúgà kọ́kọ́ ń bá jà. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ṣúgà tí ó kù sẹ́nu, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀díẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà títí dé Yábàá ń fi omi kíkan wẹ eyín rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Lẹ́yìn eyín ni ọ̀rá àpọ̀jù, èyí tí ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àtọ̀gbẹ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà 10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Náírà 5 ni ó kan ìgò 50cl. Èmi kò tíì rí ọmọ tí náírà 5 dá dúró. Owó tí ẹ ń fi lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ni agbára yín wà. Ẹ dín in kù, kí ẹ sì di omi tútù sínú ìgò fún un. Bí ó bá ń fi ṣúgà mẹ́ta mu gaàrí, kí ó fi méjì mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ó fi ẹyọ kan. Ahọ́n á mọ́ ọn lára.

Àtọ̀gbẹ kan wà tí ń mú ọmọdé lójijì, tí kì í ṣe ṣúgà jíjẹ ni ó fà á. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ ṣáá, tí ó ń tọ̀ léraléra lóru, tí ó sì ń rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, ẹ má fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.