Èédú Igi, Èédú Ilẹ̀ àti Akọ Èédú

Ní Ìgànná, bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ra èédú, kò sí ẹni tí yóò bi í pé irú èwo. Èyí tí a fi igi sun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀kọ́ bá sọ pé èédú ni àwọn Òyìnbó fi ń yọ irin, ó lè jẹ́ èyí tí a ń wà jáde láti inú ilẹ̀ ni ó ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ni, ohun méjì ni.

Èédú igi ni àwọn baba wa lò. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilé ìyọrin tí ó rí ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ méjì ni èédú ń ṣe nínú ìléru: ó ń mú ooru wá, ó sì ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin. Irin á ṣẹ́kù, ìdàrọ́ á yà kúrò lára rẹ̀. Nítorí pé èédú igi kún fún ihò wínníwínní, ó máa ń tètè ràn.

Áńtírásáìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó le jù nínú èédú ilẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ki, afẹ́fẹ́ tútù kì í mú un jó dáadáa nínú ìléru. Ní 1828, J. B. Neilson ará Scotland gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n mímú afẹ́fẹ́ gbóná kí a tó fẹ́ ẹ sínú ìléru. Ní 1837, George Crane àti David Thomas lo ọgbọ́n yìí pẹ̀lú áńtírásáìtì ní Ynyscedwyn, ní Wales, ó sì ṣe é ṣe. Thomas kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje 1840, ìléru rẹ̀ ní Catasauqua, ní Pennsylvania, bẹ̀rẹ̀ sí mú irin jáde. Èédú kò yí padà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka “èédú” lásán kò lè mọ ìdí tí afẹ́fẹ́ fi ní láti gbóná, nígbà tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ̀ ń fi ẹwìrì lásán ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a dábàá *èédú igi* àti *èédú ilẹ̀*. Kí a sì pe áńtírásáìtì ní *akọ èédú*, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe òkúta líle ní akọ òkúta.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí inú ìwé. Ní Òkè-Ògùn, igi ọ̀dàn ni a ń gé sun fún èédú títà. Ẹni tí ó bá ń kìlọ̀ nípa èédú gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tí ó ń gbẹ́mìí igi.