Òkè Kilimanjaro kò fẹ́ ìkánjú

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókè òkun, bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ yín láago pé òun ń lọ gun òkè Kilimanjaro ní orílẹ̀-èdè Tanzania, kí ẹ tó gbàdúrà fún un, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: ọjọ́ mélòó ló fẹ́ fi gùn ún?

Òkè yìí ló ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà. Òkè Ìdánrè tí gbogbo wa mọ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Síbẹ̀, kò gba okùn tàbí àkàbà lójú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, ìyẹn ló sì ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ.

Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ kì í ṣe jíjábọ́, afẹ́fẹ́ ni. Bí èèyàn ṣe ń gòkè ló ń fúyẹ́ sí i. Lókè téńté, ọ́síjìn inú èémí kan kò ju bí ìdajì ti etí òkun lọ. Ara lè mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àyè. Ẹni tó bá kánjú, orí á máa fọ́ ọ, èébì á gbé e, òòyì á máa kọ́ ọ. Agbára ò sì dá ẹnikẹ́ni sí: géńdé tó ń sáré lójoojúmọ́ lè dùbúlẹ̀ kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kọjá lára rẹ̀. Bí ẹni náà bá wá ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, kò sí “ẹ jẹ́ ká wò ó di àárọ̀.” Kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni oògùn.

Lójú ọ̀nà Marangu, àwọn kan ń fi ọjọ́ márùn-ún lọ bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà sàn jù, torí wọ́n á fi ọjọ́ kan sinmi ní Horombo, tó ga tó 3,720 mítà. “Pole pole” ni àwọn amọ̀nà máa ń sọ fún àlejò ní èdè Swahili. Ó jọ “pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́” tiwa létí, ìtumọ̀ wọn náà sì bára mu.

Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gùn ún láìní amọ̀nà tó níwèé àṣẹ. Àwọn alágbàrù náà wà, tó ń ru àgọ́ àti oúnjẹ. Ẹrù ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ. Ní tèmi, ilé iṣẹ́ tó bá polówó ìrìnàjò yìí ní ọ̀pọ̀ jù, ìfura ni: ó lè jẹ́ owó alágbàrù ló gé kù. Kí ọmọ yín béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn, àti bóyá wọ́n ní aṣọ òtútù, kó tó sanwó.

Láti 2019 ni Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá, ìdọ̀tí tí àlejò bá sì gbé gòkè gbọ́dọ̀ bá a sọ̀ kalẹ̀. Ti iná ló le jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó ara òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì tún jó ní oṣù kẹwàá 2022. Inú igbó ara òkè yẹn ni omi ti ń ṣàn wá bá àwọn àgbẹ̀ Chagga tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí nísàlẹ̀.