Iná pupa tí kì í kú nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀: Bí ọ̀rọ̀ airbag ṣe di ìdààmú fún àwọn ọlọ́kọ̀

Ẹni tó bá mọ Creek Road dáadáa, láti Àpápá títí dé ẹ̀gbẹ́ Ajégúnlẹ̀, kò ní í ṣàìmọ̀ pé ojú títì náà kì í sinmi. Tírélà ń bọ̀, táńkà ń lọ, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn sì ń wá ibi tí wọn yóò gbà kọjá láàrin wọn. Inú wàhálà yìí náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wáàfù bọ́ máa ń gbà yọ jáde, tí nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sójú gíláàsì rẹ̀ níbi tí wọ́n ti tà á ní gbàǹjo lókè òkun kò tíì parẹ́. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ojú omi ni òfin ní kí ọkọ̀ máa gbà wọlé, èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island tó wà nítòsí rẹ̀ sì wà lára ibi tí ẹrù náà wọ̀ sí jù.

Ayọ̀ ńlá ni fún ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹbí á bá a yọ̀, àwọn mìíràn á tilẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìjọsìn fún àdúrà. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹjọ́ kan náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀: iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní àwòrán ènìyàn tó jókòó tí nǹkan rògòdò sì wà níwájú rẹ̀, iná náà kò sì kú. Bí wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà, àwọn kan á ní kí wọ́n má dá a lóhùn, ṣebí ọkọ̀ ń rìn. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n mú owó díẹ̀ wá, àwọn yóò pa á. Ọ̀rọ̀ sì wà nínú pípa tí wọ́n ń pa iná yìí.

Airbag ni àpò aṣọ tí wọ́n ká pọ̀ sínú sítíárìn, sínú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀, àti nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, sínú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó àti ẹ̀bá òrùlé. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ̀rọ tó ń mọ ìkọlù yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà náà yóò sì ti iná mọ́ agolo irin kékeré kan tí wọ́n rọ kẹ́míkà sí. Kẹ́míkà yẹn á jó, á di afẹ́fẹ́, àpò á sì wú jáde. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí, nítorí nǹkan bí ìdá 30 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni iṣẹ́ náà ń gbà. Nítorí náà, ohun tó ń bú gbàmù ni airbag, kì í ṣe tìmùtìmù jẹ́jẹ́ tí àwọn kan rò pé ó jẹ́. Wọn kò sì ṣe é láti rọ́pò bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹni tí kò bá de bẹ́líìtì yóò fò síwájú lọ pàdé àpò náà níbi tó ti ń wú bọ̀ pẹ̀lú agbára, èyí sì lè pa á.

Ìdí àkọ́kọ́ tí iná yìí fi ń tàn nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni pé ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ débi pé owó àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọkọ̀ ń jẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò sanwó fún ẹni tó ni ín, wọn yóò sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa ti ń rà á ní owó pọ́ọ́kú. Páńẹ́ẹ̀bítà á nà án, wọ́n á kùn ún, á sì máa dán gbinrin. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni airbag ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti bú jáde, àfi kí wọ́n ra òmíràn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ohun tí àwọn aláìṣòótọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ki fóòmù tàbí àkísà bọ ihò náà, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìderí rẹ̀ padà. Ní ti iná, wọ́n á yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí wọ́n so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná ọ́ìlì kí méjèèjì lè máa kú pọ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ kó lè rò pé airbag wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà á rò pé ààbò wà níwájú òun, bẹ́ẹ̀ àkísà ló wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjì Katrina ọdún 2005 àti Harvey ọdún 2017 ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Omi máa ń jẹ́ kí wáyà àti kọ̀ǹpútà airbag, tí ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ láàrin ìjókòó méjèèjì iwájú, dípẹtà díẹ̀díẹ̀, kódà bí ọkọ̀ náà bá ń rìn geerege.

Ìdí kejì burú jù èyí lọ, nítorí pé iná kankan kò ní í tàn láti kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Takata, iṣẹ́ aṣọ híhun ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1933 kó tó wá di ọ̀gá nínú ṣíṣe bẹ́líìtì àti airbag. Ammonium nitrate, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún ajílẹ̀ àti fún fífọ́ òkúta, ni wọ́n rọ sínú agolo airbag wọn. Ó dín owó, ó sì kéré, ṣùgbọ́n bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà fún ọdún púpọ̀, á bàjẹ́, bó bá sì di ọjọ́ ìjàǹbá, á jó jù bó ṣe yẹ lọ. Agolo irin náà á fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì fò lọ sójú àti ọrùn ẹni tí wọ́n ní kó dáàbò bò. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ pe nǹkan bí 4,000 ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọdún 2009, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 18 kan kú ní Oklahoma nínú Honda Accord ọdún 2001, ìjàǹbá tí kò yẹ kó pa á rárá. Lọ́dún 2014, aláboyún kan kú bákan náà ní Malaysia. Àpapọ̀ airbag tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan tó mílíọ̀nù 67, ènìyàn 28 ló sì ti kú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ṣe kà á. Takata gbà nílé ẹjọ́ lọ́dún 2017 pé àwọn ṣe màgòmágó. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, wọ́n ti kéde pé àwọn wọ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí, bíi Florida àti Texas, ni Amẹ́ríkà fi ṣáájú nínú àtúnṣe náà, nítorí pé níbẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ta ni yóò wá sọ pé ooru Èkó kéré sí ti Florida? Ní oṣù kẹfà, ọdún 2016, NHTSA kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2001 sí 2003, àyàfi bó bá jẹ́ pé ó ń gbé e lọ fún àtúnṣe, torí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí airbag wọn fọ́ ní ìgbà 50 nínú ìgbà 100 tó bá bú jáde. Accord, Civic àti CR-V wà nínú wọn. Lára àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ Takata kàn ni Accord ọdún 2003 tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní End of Discussion, àti ọ̀pọ̀ Toyota Corolla àti Matrix láti ọdún 2003 lọ sókè. Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní í rí wọn.

Nígbà tí wọ́n bá pe ọkọ̀ padà, ìwé ni wọ́n ń kọ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Àtúnṣe náà kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé yẹn yóò máa lọ sí àdírẹ́sì Houston tàbí Atlanta, nígbà tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè láàrin ọdún 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìkìlọ̀ kì í bá wọn rìnrìn àjò.

Ọ̀nà wà láti mọ ipò tí ọkọ̀ wà, owó kò sì wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà ṣásì tó jẹ́ ẹyọ 17, lẹ́tà àti nọ́ḿbà pọ̀. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ òsì, àti lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Canada, J ni Japan. Ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà: 3 ni 2003, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹ tẹ nọ́ḿbà náà sí ojúlé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì sọ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe sí ọkọ̀ náà. Èyí kò ní í ran ẹni tó ra ọkọ̀ Belgium lọ́wọ́, torí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ni ojúlé náà mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà tàbí aṣojú wọn.

Ìjókòó náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń mọ̀ bóyá àgbàlagbà ló jókòó síbẹ̀ tàbí ọmọdé, kó lè mọ̀ bóyá kí airbag ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta, ọdún 2014, Nissan pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọkọ̀ padà torí pé ẹ̀rọ yìí lè rò pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà jókòó sí i. Bí tèmi bá ti kọ́, èyí tó jọ mí lójú jù nílé wa níhìn-ín ni aṣọ ìjókòó tí a ń rán bo gbogbo ara àga. Bí airbag bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, aṣọ líle tí wọ́n rán bò ó pinpin lè dí i lọ́nà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga yín: bí ẹ bá rí àmì tí wọ́n kọ AIRBAG sí, ẹ má ṣe bò ó. Bẹ́líìtì tó ti fa ènìyàn mọ́ àga nígbà ìjàǹbá rí kì í ṣeé lò mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé. Bó bá ń há tàbí tí kò fà padà dáadáa, ìyẹn náà lè jẹ́ àmì pé ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan. Ọmọdé tí ìyá gbé lẹ́sẹ̀ níwájú wà nínú ewu tó ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ airbag, kó ṣọ́ra fún àlòkù tí wọ́n ń kó jọ ní ọjà ohun èlò ọkọ̀, torí pé ó lè jẹ́ Takata ọdún 2002 gan-an ni yóò rà padà. Ayédèrú náà wà. Ní oṣù keje, ọdún 2024, NHTSA kìlọ̀ nípa àwọn agolo airbag olówó pọ́ọ́kú kan tó ti pa ènìyàn mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́sàn-án.

Ní ti òfin, òfin FCCPC tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní, ọdún 2019 ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kí oníbàárà mọ̀, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu. Nítorí náà, kí ìwé ẹ̀rí tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín sọ kedere bóyá airbag rẹ̀ pé, kó sì kọ nọ́ḿbà ṣásì síbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà láì tíì dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iná airbag gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó má ṣe kú ní àkókò kan náà pẹ̀lú iná ọ́ìlì. Bí kò bá tàn rárá, ẹ béèrè ẹni tó yọ ọ́.